Òkè Kò Bá Ẹnikẹ́ni Jagun

Gbólóhùn kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àwa fúnra wa la sì kọ ọ́. A kọ ọ́ sínú áàpù kékeré kan tí àwa mẹ́rin ń ṣe lálaalẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, nínú yàrá méjì tí a háyà ní Palmgrove. Ilé náà kò jìnnà sí ọ̀nà Ìkòròdú, láti ojú fèrèsé la ti ń gbọ́ àwọn kọ̀ńdọ́ tó ń pariwo "Ọjọ́ta, Kétu, Mile 12, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Iṣẹ́ áàpù náà ni kó máa júwe àwọn òkè, odi àti yàrà tí àwọn baba wa sá sí nígbà ogun: ibi tí wọ́n wà, bí èèyàn ṣe lè débẹ̀, àti ìtàn ṣókí tí èèyàn lè kà lórí fóònù kó tó gòkè. Lábẹ́ àwòrán Olúmọ, a kọ ọ́ báyìí pé òkè tí ọ̀tá kankan kò ṣẹ́gun ni, òun ló sì gba àwọn Ẹ̀gbá là.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa. Ó kúrú, ó sì wọ etí.

Ìyá onílé wa ni a kọ́kọ́ fi hàn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ọmọ bíbí Ìkòròdú sì ni. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ wa, wọ́n wọ awò, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Olúmọ gba Ẹ̀gbá là, kò burú. Ta ló wá gba àwa náà lọ́wọ́ Ẹ̀gbá?"

A rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá fóònù padà, wọ́n sì wọlé lọ.

Ìbéèrè yẹn ni lámèyítọ́ tó le jù tí ẹnikẹ́ni tíì ṣe fún iṣẹ́ wa. Láti ọjọ́ náà la ti ń bi ara wa pé irú ìtàn wo ni à ń sọ nípa àwọn òkè tí a sá sí, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, àti pé ta ló ṣubú kúrò nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn ìtàn náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń yẹ ìwé ìtàn àròsọ wò. Èyí tí atọ́nà ń sọ, èyí tí wọ́n kọ sára pátákó, èyí tí à ń kà lórí fóònù, iṣẹ́ ọnà ọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn.

Òkèèrè ni èrò áàpù náà ti wá, ká má purọ́. Iléeṣẹ́ tí ọ̀kan nínú wa ń bá ṣiṣẹ́ rán an lọ sí Toulouse, ní gúúsù Faransé. Nígbà tí ìpàdé parí, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ méjì háyà ọkọ̀, wọ́n sì lọ gun òkè Montségur. Òkè náà ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, ilé olódi àwókù kan sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa láti orí òkè. Inú ọkọ̀ la wà, gosiló ti dè wá mọ́ Fádéyí, a sì ń jowú rẹ̀.

Ìtàn tó mú bọ̀ nìyí. Àwọn Kristẹni kan wà ní agbègbè yẹn láyé àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń pè ní Cathar lónìí. Wọ́n gbà pé Ọlọ́run rere kọ́ ló dá ayé tí à ń fojú rí yìí, pé agbára ibi ló wà nídìí ẹran ara àti ohun ìní. Àwọn aṣáájú wọn, tọkùnrin tobìnrin, kì í jẹ ẹran, wọn kì í sì í gbéyàwó. Ìjọ Àgùdà ní aládàámọ̀ ni wọ́n. Póòpù Innocent III kéde ogun lé wọn lórí, nígbà tó sì di 1209, àwọn ọmọ ogun pa ìlú Béziers run. Àwọn tó ṣẹ́kù ń sá kiri títí púpọ̀ nínú wọn fi wá kó sórí Montségur. Ní oṣù karùn-ún 1243, ogun dó ti òkè náà. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi há wọn mọ́bẹ̀ kí wọ́n tó juwọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹta 1244, wọ́n dáná sun àwọn tó lé ní 200 tí wọ́n kọ̀ láti sẹ́ ìgbàgbọ́ wọn. Ìsàlẹ̀ òkè náà ni òkúta ìrántí wọn wà. Ọdún 1960 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, ọdún kan náà tí Nàìjíríà gba òmìnira.

Òkè yẹn kò gba ẹnikẹ́ni là. Síbẹ̀, òun ni gbogbo ayé ń gùn.

Nǹkan méjì tí ọ̀rẹ́ wa wá kà nígbà tó délé ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jìn. Àkọ́kọ́, ilé olódi tó ya fọ́tò rẹ̀ kì í ṣe ilé àwọn Cathar. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sun wọ́n tán ni àwọn tó gba ilẹ̀ náà kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn ilé olódi tí wọ́n ń fi orúkọ Cathar polówó lágbègbè yẹn ṣe rí: ọba Faransé tó borí ló kọ́ wọn tàbí tún wọn kọ́, láti fi ṣọ́ ààlà rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kú ni wọ́n fi ń pe ilé ẹni tó pa á. Ní 1933, ọmọ Jámánì kan, Otto Rahn, tún gbé ìwé jáde tó fi so Montségur mọ́ ife mímọ́ inú àwọn ìtàn àtijọ́ Yúróòpù. Láti ìgbà náà, àwọn kan ń gun òkè yẹn nítorí ife tí ẹnì kan kò rí rí.

Ìkejì ló wá mú wa lọ́kàn jù. Ibo la ti gbọ́ ohùn àwọn mẹ̀kúnnù tó gba ẹ̀sìn yẹn gbọ́? Ọwọ́ ọ̀tá wọn ni! Láàárín 1318 àti 1325, bíṣọ́ọ̀bù Pamiers, Jacques Fournier, tó padà di póòpù, ń pe àwọn ará abúlé wá sílé ẹjọ́, akọ̀wé rẹ̀ sì ń kọ ohun tí wọ́n sọ: ọ̀rọ̀ darandaran, ọ̀rọ̀ opó, ẹni tó fẹ́ ta àti ẹni tó bẹ̀rù kí. Àwọn àkọsílẹ̀ yẹn ni Emmanuel Le Roy Ladurie fi kọ ìwé rẹ̀, Montaillou, ní 1975. Ẹni tó fẹ́ pa ohùn wọn rẹ́ ló tọ́jú ohùn wọn.

Nínú iṣẹ́ tiwa, àṣẹ kan wà tí à ń pè ní git blame. Bí ẹ bá lò ó fún fáìlì kan, á fi hàn yín ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ le létí, àmọ́ kì í ṣe pé à ń wá ẹni tí a máa bú. A kàn fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ìlà náà kí a tó fọwọ́ kàn án. A wá pinnu pé a máa ṣe irú rẹ̀ fún àwọn òkè wa: gbólóhùn yìí, ta ló kọ ọ́, ìgbà wo ló kọ ọ́, kí ló sì ń wá?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Èrèdò Ṣùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Yàrà àti odi amọ̀ ni, ó yí ilẹ̀ náà ká, gígùn rẹ̀ lé ní 160 kìlómítà, àwọn ibì kan sì wà tí ó jìn tó nǹkan bí 20 mítà láti orí odi dé ìsàlẹ̀ yàrà. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Bí ẹ bá dúró sínú rẹ̀, tí ewéko bo ògiri lọ́tùn-ún lósì, ẹ ò ní fẹ́ sọ̀rọ̀ sókè.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì. Èkíní sọ pé opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bìlíkísù Ṣùngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má bàa parun. Ìkejì sọ pé Bìlíkísù yìí ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Ní 1999, nígbà tí iṣẹ́ tí Patrick Darling ṣe lórí Èrèdò di ìròyìn káàkiri ayé, Ṣébà ni ọ̀pọ̀ ìròyìn gbé síwájú. Àmọ́ ẹ wò ó: ayé Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn tó sì gbẹ́ ilẹ̀ Èrèdò wò kò gbé e kọjá nǹkan bí 1,200 ọdún. Ọjọ́ kò bára mu rárá.

A ò fẹ́ fi àwọn tó ń lọ ṣe àdúrà níbi ibojì Òkè-Ẹ̀rí ṣe yẹ̀yẹ́. Àdúrà wọn kò kàn wá. Lámèyítọ́ ìtàn là ń ṣe. Ohun tó ń dùn wá ni pé ìtàn Ṣébà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Gbàrà tí wọ́n bá ti dárúkọ Ṣébà, kò sẹ́ni tó máa béèrè mọ́ pé èèyàn mélòó ló gbẹ́ yàrà náà, ta ló ń bọ́ wọn, kí ni wọ́n ń bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn opó aláìlọ́mọ lágbára jù ú lọ fíìfíì. Bí kò bá tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó mọ ohun tó ń bi wá: kí ni èèyàn lè fi sílẹ̀ tí kò bá ní ọmọ? Ìbéèrè Yorùbá gidi nìyẹn. Ṣébà ò bi wá ní nǹkan kan. Ńṣe ló kàn ń fún wa ní ìyá tí aráyé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ife mímọ́ ṣe ń fún òkè Faransé ní òkìkí tí kò nílò.

Olúmọ ló kàn, níbi tí àwa fúnra wa ti ṣìnà. Ohun tó dá wa lójú nìyí. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn tó kù jáde kúrò ní Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ òkúta náà ní 1830. Àwọn ihò tí wọ́n sá sí ṣì wà níbẹ̀. Dàhòmì gbógun dé ní oṣù kẹta 1851, wọ́n tún padà wá ní oṣù kẹta 1864. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Ẹ̀gbá lé wọn.

Àmọ́ ibo ni wọ́n ti jà? Ní 1851, ìdí odi ìlú ni, lápá ẹnubodè Arọ̀. Odi amọ̀ ni, tí àwọn èèyàn mọ, tí àwọn èèyàn ń tún ṣe nígbà tí òjò bá wó o. Òkè ò sọ òkò, òkè ò yìnbọn. Àwọn tó dúró sórí odi ló jà, obìnrin àti ọmọdé sì wà lẹ́yìn wọn. Bí a bá wá sọ pé Olúmọ ló gba ìlú là, a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é nìyẹn, bí àwọn ti Ṣébà ṣe ṣe. Ohun tí a ń bá wọn wí, àwa náà ṣe é.

Kí ló dé tí gbólóhùn náà fi wá sẹ́nu wa wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀? A wá ẹni tó kọ ìlà náà, a kò rí ẹnì kan ṣoṣo, àmọ́ a rí ọ̀nà tó gbà wá. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Àwọn míṣọ́nnárì wà nínú ìlú náà nígbà ogun, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé nípa ìlú tí Ọlọ́run dáàbò bò. Ìlú tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ìtàn rẹ̀ kọ́kọ́ jìnnà. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n fi wò ó.

Ní 1865, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Dàhòmì padà lọ lọ́wọ́ òfo, àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dó tì ní àná ló ń dó ti ẹlòmíràn lónìí. Ogun tí Glover kó wá láti Èkó ló lé wọn níbẹ̀, Glover náà sì ní ohun tirẹ̀ tó ń wá: ó fẹ́ kí ọ̀nà ọjà ṣí sílẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí áńgẹ́lì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí a padà lọ bá ìyá onílé wa pẹ̀lú ọdún 1865 yìí, wọ́n ní kí a jókòó. Wọ́n ní ìyá bàbá àwọn máa ń sọ pé ìyá òun bímọ nígbà tí ogun náà há ìlú mọ́. Oúnjẹ kò sí, wàrà gbẹ, ọmọ náà kò sì yè. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtàn náà. Kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́. Ojú ọ̀nà Ìkòròdú la ń gbé, a sì ń gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wa tó ti ro ìlú tó wà ní òpin ọ̀nà náà sí ìlú tí ebi ogun ti pa ọmọ ọwọ́.

Ìdànrè fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Àwọn àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ká tó dé ìdajì, gbogbo ẹnu tí a fi ń yangàn ti gbẹ. Ààfin àtijọ́ wà lókè níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà, iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 wà, ibojì náà wà. Àárín òkè gíga ni odindi ìlú ń gbé títí di nǹkan bí 1923, nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àjọ UNESCO ti ní orúkọ rẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí wọ́n ṣì ń gbé yẹ̀ wò láti 2007.

Atọ́nà tó mú wa gòkè kò fi ogun bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ ló kọ́kọ́ fi hàn wá, lẹ́yìn náà iléèwé. Ó ní kí a ro ẹni tó ń ru ìkòkò omi gba ojú òkúta yẹn kọjá nígbà òjò. Ká sọ òótọ́, nígbà tí a wà níbẹ̀ ó sú díẹ̀ nínú wa. Ogun la fẹ́ gbọ́. Ìgbà tí a padà sí Palmgrove ló tó yé wa pé òun nìkan ló sọ fún wa bí ó ṣe rí láti máa gbé ibi ìsádi. Òkè tó ń dáàbò bò yín náà ló máa ń sọ omi di ẹrù, tí á sì sọ oko di ọ̀nà jíjìn. Àwọn ará Ìdànrè kò ṣẹ́gun òkè, òkè kò sì ṣẹ́gun wọn. Nígbà tí ẹ̀rù ogun kò sí mọ́, wọ́n wá ibi tí ayé ti rọrùn. Ìtàn tó dára ni, bí kò tilẹ̀ ní ìlù.

Ibi tí a lọ kẹ́yìn ni Kétu. Kì í ṣe Kétu tí kọ̀ńdọ́ ń pè. Kétu ìlú Aláàkétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Àwa mẹ́ta la gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, a dé Àjàṣẹ́, a gba Pọ́bẹ̀, a sì wọ Kétu ní ìrọ̀lẹ́. Òkèèrè ni lójú ìwé ìrìnnà, àmọ́ nígbà tí a kí àwọn àgbà, Yorùbá ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi Ìmẹ̀kọ sí apá kan, Kétu sí apá kejì.

Ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Akaba Ìdẹ́nà la lọ wò. Ilé amọ̀ ni, ó ní ilẹ̀kùn síta, ó tún ní ilẹ̀kùn sínú, kí ọ̀tá tó bá já èkíní lè há sáàárín. Odi àti yàrà ló so mọ́ ọn yí ìlú ká nígbà náà. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó tì wá, wọ́n sì sọ ìtàn náà fún wa láìkánjú. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń mọ ẹnubodè, abuké kan, ahunṣọ, ni wọ́n fi rúbọ sábẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń túmọ̀ orúkọ Kétu sí ìbéèrè pé ta ló lè na iké abuké kó tọ́, ta ló sì lè fọ́ ìlú yìí? Ìdáhùn tó wà nínú ìbéèrè náà ni pé kò sí.

Bàbá náà dákẹ́. A rò pé wọ́n ti parí. Wọ́n wá sọ pé Glele, ọba Dàhòmì, fọ́ ọ.

Ní 1886 ni. Dàhòmì tó kùnà ní Abẹ́òkúta kò kùnà níbẹ̀. Wọ́n dó ti Kétu títí ebi fi wọ̀lú, wọ́n fi ẹ̀tàn mú àwọn aṣáájú rẹ̀, wọ́n sun ilé, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lọ. Lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Behanzin ní 1894 ni àwọn tó kù nígbèkùn tó lè padà wá tún ìlú kọ́. Ẹnubodè ṣì dúró. Ìlẹ̀kùn kọ́ ni ọ̀tá borí, ikùn ni.

Nínú gbogbo ìtàn tí a gbọ́, ti Kétu ló dára jù, ìdí rẹ̀ sì nìyí: ó ń yangàn, ó tún ń dáhùn. Kò yọ ẹni tí wọ́n fi rúbọ kúrò, ó jẹ́ ká mọ̀ pé ìgbéraga ìlú dúró lórí òkú ẹnì kan. Kò yọ ìṣubú kúrò, ẹnu kan náà tó sọ pé kò sẹ́ni tó lè fọ́ wa ló tún sọ orúkọ ẹni tó fọ́ wọn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ ọ sùn fọnfọn.

Àmọ́ ó ní ibi tó ti dùn wá. Akọ̀wé bíṣọ́ọ̀bù kọ ọ̀rọ̀ àwọn darandaran Montaillou sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lọ láti Kétu ní 1886, ta ló kọ ọ̀rọ̀ tiwọn? Ọ̀nà Dàhòmì kò ní akọ̀wé tó ń bi ìyá ọlọ́mọ pé kí lo rí. Ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí nípa Kétu, The Story of Ketu tí Geoffrey Parrinder kọ, 1956 ló jáde, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́. Orúkọ Kétu ń dún nínú ilé òrìṣà Candomblé ní Bahia, ó ń dún lẹ́nu kọ̀ńdọ́ ní Palmgrove. Ní ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè rí pé Kétu wo.

Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ẹ̀gbá ni, kò fara mọ́ gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní àwọn ọmọdé nílò ohun tí wọ́n máa fi yangàn, pé ogun àti òyìnbó ti já wa kulẹ̀ tó, kí la tún fẹ́ fi ọwọ́ ara wa wó? Ó ní kò sẹ́ni tó máa sanwó gun òkè láti lọ gbọ́ ẹ̀bi baba rẹ̀. A jiyàn títí jẹnẹrétọ̀ fi kú, a tún jiyàn nínú òkùnkùn.

Èsì wa fún un ni Òkè Láńgbòdó. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, àwọn akọni ọ̀rẹ́ jọ rin ìrìn àjò lọ sí òkè tó jìnnà, àwọn kan sì kú sí ọ̀nà. Kí ni wọ́n bá lókè? Ìmọ̀ràn ni. Ìrágbèjé jókòó, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méje, nípa ọmọ títọ́, nípa ìwà, nípa bí èèyàn ṣe ń ṣègbé. Fágúnwà mọ̀ pé ẹni tó gun òkè tó sì padà bọ̀ pẹ̀lú oríyìn ara rẹ̀ nìkan kò tíì gun nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará Faransé fi òkúta ìrántí sí ibi tí wọ́n ti sun èèyàn, àwọn àlejò kò sì tìtorí rẹ̀ dínkù. Ìtìjú kì í lé àlejò. Ohun tó ń lé e ni ìtàn tó ti gbọ́ níbòmíràn tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá wa ní òun ò tíì gbà tán. Àmọ́ òun ló jókòó kọ gbólóhùn tuntun náà: "Ní 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Ní 1851 àti 1864 wọ́n dúró sórí odi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ, Dàhòmì kò sì wọlé. Ní 1865, àwọn náà dó ti Ìkòròdú."

Ìyá onílé wa kò gba fóònù gbọ́. Wọ́n ní ohun tí iná NEPA lè pa kì í ṣe àkọsílẹ̀. Nítorí náà a kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ, a sì gbé e lọ sí Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ àlímánákì ọba àti ìwé ètò ìsìnkú àgbà. Kí a tó lọ, a bi wọ́n bóyá a lè fi ìtàn ọmọ tó kú nígbà ogun sí abẹ́ Ìkòròdú. Wọ́n ronú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí a fi sí i, ṣùgbọ́n kí a fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀, torí wọ́n máa tún béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí tó wà ní Ìkòròdú bóyá ẹnì kan ṣì rántí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń bá wa tẹ̀wé pè wá. Ó ní òun rí àyè òfìfo kan ní ojú ewé 14, bóyá nǹkan ti já bọ́ nínú fáìlì wa. Ṣé kí òun pa á dé?

A ní rárá o, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.